Iwe Adìyẹ Tí Mo Sanwó Rẹ̀

Mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo ti bímọ mẹ́ta, mo sì ti jẹun ní gbogbo àgọ́ olóúnjẹ tí mo mọ̀ láàárín Adja-Ouèrè àti Pobè, kí n tó mọ bí iwe adìyẹ ṣe ń rí lẹ́nu. Bó ṣe ń rí lọ́wọ́ ni mo mọ̀. Láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti lè di ọ̀bẹ mú ni wọ́n ti ń gbé e fún mi láti tún ṣe: màá là á, màá gbọn òkúta wẹ́wẹ́ àti èérún àgbàdo inú rẹ̀ dànù, màá wá fi èékánná bọ́ awọ inú rẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ kó ya. Mo mọ̀ ọ́n bọ́ débi pé àwọn ìyá ilé kejì máa ń ránṣẹ́ pè mí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sè é, wọ́n á gbé e lé orí oúnjẹ bàbá mi, èmi á sì lọ fọ ọwọ́.

Lọ́dọ̀ wa, iwe kì í ṣe ti obìnrin. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá pa adìyẹ, iwe di ti baálé. Bí baálé kò bá sí nílé, wọ́n á fi pamọ́ dè é. Bí àlejò ọkùnrin bá wọlé, ti àlejò ni. Àwa Mùsùlùmí ń ṣe é, àwọn tó ń bọ òrìṣà ní oko ń ṣe é, àwọn tó ń tẹ̀lé àwọn fadá náà ń ṣe é. Wọ́n lè bá ara wọn jà lórí ohun gbogbo mìíràn, ṣùgbọ́n lórí iwe, ohùn wọn ṣọ̀kan.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ nílé. Nílé bàbá mi, bàbá mi ló ra adìyẹ. Nílé ọkọ mi, ọkọ mi ló rà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ra odidi adìyẹ ní ilé oúnjẹ, tí mo jókòó, tí mo san gbogbo owó rẹ̀, kí ló dé tí ẹlòmíràn yóò fi jẹ iwe rẹ̀? Ìbéèrè tí mo gbé kiri nìyẹn, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhómẹ̀, tí ààrẹ kan ń wọlé, tí òmíràn ń jáde. Bí mo ṣe gba ìdáhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Aránṣọ ni mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, ni mo máa ń gbé rù láti ọjà dé ọjà: òní Kpoulou, ọ̀la Massè, ọ̀tunla Oko-Akarè, kí n tó padà sí Adja-Ouèrè. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn jẹun nílé lọ́sàn-án. Obìnrin tí ebi bá ń pa lọ́jà, ohun tí wọ́n ń retí ni pé kó ra oúnjẹ sínú ewé, kó gbé e lọ sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, kó kọ ẹ̀yìn sí èrò, kó yára jẹ ẹ́. Bẹ́ǹṣì tó wà níwájú àgọ́ olóúnjẹ, ti ọkùnrin ni.

Èmi jókòó sí i. Kì í ṣe pé mo ń wá ìjà. Mo jókòó nítorí pé oúnjẹ tí wọ́n dì sínú ewé ti di oúnjẹ mìíràn kí o tó tú u. Ooru rẹ̀ á mú kó làágùn, ọkà á fa ọbẹ̀ mu, awọ ẹran tó gan á padà rọ̀ bí aṣọ tútù. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá olóúnjẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀, o ní láti jẹ ẹ́ lẹ́bàá ìkòkò, bó ṣe ń kúrò lórí iná.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó, ọkùnrin kan tó wà lápá òsì mi sún díẹ̀, ó ní, “Ìyá aránṣọ, ṣé ìkòkò yín ti fọ́ nílé ni?”

Mo ní, “Ìkòkò mi wà. Tiyín ńkọ́, tí ẹ fi ń wá síbí lójoojúmọ́?”

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí àwo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n máa ń sún fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń sún ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé ara mi ń ta wọ́n.

Mi ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé. Orí téèpù ìwọnṣọ ni mo ti kọ́ nọ́ńbà, fúnra mi ni mo sì kọ́ bí a ṣe ń kọ wọ́n sínú ìwé kàyé. Ojú ewé tí mo ń kọ àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ń kọ oúnjẹ sí. Màá yọ téèpù kúrò lọ́rùn, màá fi yí ọkà ká kí n tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Ní Kpoulou, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkà ẹnìkan máa ń jẹ́ sàǹtímẹ́tà mọ́kàndínlógójì yíká. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí àgbàdo inú àká ń tán lọ, á sún sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, iye tí wọ́n ń tà á kò sì ní sún. Mo sọ ọ́ lójú olóúnjẹ náà. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wọn ọkà. Mo ní èmi ń wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo ṣi ìlà wò, mo fi ìwọ̀n ọkà Kpoulou gé apá bùbá ìyàwó tíṣà kan, apá méjèèjì sì fẹ̀ bí àpò gààrì. Mo tú u, mo tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì tìtorí rẹ̀ jáwọ́.

Ní Massè, ẹran ọ̀yà wọn dára, òótọ́ ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n sun kí irun rẹ̀ jó tán láìjẹ́ kí awọ rẹ̀ korò. Ṣùgbọ́n ẹmu ni wọ́n fi ń tan àwọn oníbàárà. Ọbẹ̀ kò tíì hó, wọ́n á ti gbé igbá ẹmu ka iwájú rẹ, àwọn ọkùnrin á mu ún, wọn ò sì ní mọ̀ pé àwọn ti jókòó títí òjìji igi fi kọjá lórí wọn. Èmi tí mi ò mu ẹmu, mo mọ̀. Ní Oko-Akarè, ìgbín ni wọ́n fi ń yangàn. Ìgbín tí a bá fi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin máa ń dún lábẹ́ eyín. Tiwọn ń yọ̀. Mo béèrè iye ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ni. Olóúnjẹ náà wojú mi pẹ́, ó wá ní, “Ta ló sọ fún ẹ?” Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé mi ò ṣìnà.

Ọkọ mi mú mi lọ sí Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, lẹ́ẹ̀kan, a sì wọ rẹ́sítórà kan tó ní aṣọ funfun lórí tábìlì. Wọ́n gbé adìyẹ wá pẹ̀lú ọ̀bẹ àti fúrúṣẹ́tì tí wọ́n fi ń gún ẹran. Mo wá iwe rẹ̀ títí. Mo ní kí ọkọ mi bá mi béèrè lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni tó gbé e wá. Ó béèrè, ojú sì tì í. Ọ̀gbẹ́ni náà ní wọn kì í gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá fún oníbàárà. Mo ní ó dáa, ẹnìkan ń jẹ ẹ́ ní kíṣíìnì nìyẹn.

Nínú gbogbo wọn, èyí tó wà ní ipò kìn-ín-ní nínú kàyé mi ni àgọ́ kan ní Adja-Ouèrè níbí, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí àwọn ọkọ̀ kámíọ̀ tó ń lọ sí Pobè máa ń dúró. Ìyá tó ni ín ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láti oko ní apá Oko-Akarè ni wọ́n ti wá nígbà tí ọkọ wọn kú. Omi ìfọwọ́ wọn kì í ṣe omi tí ẹlòmíràn ti fọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bu tirẹ̀ fún. Wọ́n á kí ọ tán kí wọ́n tó bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́ jẹ. Adìyẹ ilé ni wọ́n ń sè, ọkùnrin Mùsùlùmí kan ló sì ń bá wọn dúńbú rẹ̀, kí gbogbo wa lè jẹ ẹ́. Wọ́n á fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà nìkan bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú omi nígbà tó bá kù díẹ̀ kó rọ̀, wọ́n á yan án lórí ẹyinná títí awọ rẹ̀ á fi gan, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sínú ọbẹ̀ ata àti tòmátì tí wọ́n ti dín nínú epo pupa. Omi tí wọ́n fi bọ adìyẹ kì í ṣòfò. Òun ni wọ́n fi ń ro àmíwò, ọkà àgbàdo pupa tí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Gùn. Sàǹtímẹ́tà mọ́kànlélógójì, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Mi ò rí irú ẹ̀ níbòmíràn.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fi owó ara mi ra odidi adìyẹ. Mo rán aṣọ ìgbéyàwó kan tán, inú mi dùn, mo sì fẹ́ jẹ ohun tó wù mí. Wọ́n gbé e wá. Mo kà á kí n tó fọwọ́ kàn án: itan méjì, apá méjì, igbá-àyà, ẹ̀yìn, ọrùn, ẹsẹ̀ méjì, ẹ̀dọ̀. Mo fi ìka yí ọbẹ̀ wò.

Mo ní, “Ìyá, iwe ńkọ́?”

Ìyá olóúnjẹ wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n ṣí gèlè wọn fún mi. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìkángun bẹ́ǹṣì. Níbẹ̀, lábẹ́ ibi tí òjìji igi ti nípọn jù, ni àbúrò bàbá ọkọ mi máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán. Àgbàlagbà ni wọ́n, irùngbọ̀n wọn funfun, agbádá wọn kì í ní àbàwọ́n. Iwe adìyẹ mi wà níwájú wọn nínú àwo kékeré kan. Bí mo ṣe ń wò wọ́n, wọ́n rọra fi ewé dì í, wọ́n sì tì í bọ àpò.

“Ìyàwó wa,” wọ́n kí mi, “ṣé o ń jẹun?”

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo tún padà jókòó. Ọkàn mi ò kúnlẹ̀.

Nígbà tí èrò dínkù, mo lọ bá ìyá olóúnjẹ lẹ́yìn ìkòkò. Mo ní, “Adìyẹ mi ni ẹ fi ta bàbá lọ́rẹ.”

Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ mi, gbọ́. Ilẹ̀ tí àgọ́ yìí dúró lé, tiwọn ni. Nígbà tí mo dé pẹ̀lú ìkòkò méjì, wọn ò gba owó lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n ṣáà máa rántí àwọn. Iwe ni mo fi ń rántí wọn. Adìyẹ tí mo bá pa, iwe rẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ mi.”

“Bí ọkùnrin bá ra odidi adìyẹ ńkọ́?”

Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n wo inú rẹ̀.

“Ìyá, mo ní bí ọkùnrin bá rà á ńkọ́?”

“Ti ọkùnrin, mo máa ń fún un ní tirẹ̀.”

“Kí wá ni tèmi?”

“Ìwọ, kí lo fẹ́ fi iwe ṣe? Obìnrin kì í jẹ ẹ́.”

“Ìyá, ìṣákọ́lẹ̀ yín ni. Kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin lẹ ń gbé lórí ilẹ̀ bàbá, adìyẹ mi ò gbé níbẹ̀.”

Wọ́n gbé ọmọrí bo ìkòkò. “Máa lọ rán aṣọ rẹ,” ni wọ́n wí, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Bí bàbá bá ní kí wọ́n kó ìkòkò wọn, kò sí ibòmíràn tí kámíọ̀ máa ń dúró. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mi ò rí ìdí tó fi jẹ́ pé àwo mi ni wọ́n á ti bù ú.

Nílé, mo rò ó fún ọkọ mi. Birikìlà ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Nítorí iwe ni wàá fi bá bàbá wọ gàù?”

“Mi ò bá wọn wọ nǹkan kan. Ohun tí mo rà ni mo ń béèrè.”

“Bí a bá tún pa adìyẹ níbí, màá fún ọ ní tèmi. Jẹ ẹ́ kó tán nínú ẹ.”

“Ẹ ṣeun. Mi ò fẹ́ ẹ̀bùn.”

Ó wò mí. “Bí wọ́n bá pè mí sí ìpàdé ilé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ni kí n sọ?”

“Ẹ sọ pé ìyàwó yín sanwó.”

Kò sọ pé kí n má lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn títí dòní.

Mo ránṣọ bí ẹni tí iná ń lé títí mo fi tún rí owó odidi adìyẹ. Mo lọ, mo jókòó, mo sì sọ ọ́ kó ṣe kedere: “Ìyá, odidi adìyẹ, pẹ̀lú iwe rẹ̀. Bí iwe ò bá ní sí nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ pa á.” Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Adìyẹ dé, ó ń gbóná, epo ń tàn lára rẹ̀. Iwe kò sí. Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fi ewé di nǹkan.

Mi ò pariwo. Mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ náà. Mo ká ọwọ́ mi sórí itan, mo sì jókòó tì í.

Ẹni tó bá ti ta oúnjẹ rí á mọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀sán gan-an ni, èrò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kámíọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń rí ni obìnrin kan tó jókòó ti odidi adìyẹ tí kò jẹ. Epo dì lójú ọbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa kámíọ̀, ẹlẹ́nu ṣákálá tí gbogbo wa mọ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò mí.

“Ìyá aránṣọ, ṣé eṣinṣin ló bọ́ sí i ni?”

“Rárá.”

“Ṣé ó ti bà jẹ́ ni?”

“Rárá. Ó dára púpọ̀. Kò pé ni.”

Ó kà á, ó mi orí, ó wo bàbá, ó tún wò mí, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn méjì tó fẹ́ jókòó yí padà. Mo san owó mi pé, mo dìde, mo fi oúnjẹ sílẹ̀. Ìyá olóúnjẹ dì í sínú ewé, wọ́n sáré tẹ̀lé mi dé ojú ọ̀nà.

“Gbà, ọmọ mi. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.”

“Ìyá, mo fẹ́ràn oúnjẹ yín ju ti gbogbo ayé lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jẹ ẹ́ ní àbọ̀.”

Mi ò gbà á. Ebi pa mí délé, mo sì gba kí ó pa mí.

Nígbà tí ọjà Adja-Ouèrè tún pé, mo padà lọ. Ọkọ mi wo owó tí mo so mọ́ etí aṣọ, ó mi orí, ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó, mo sọ gbólóhùn kan náà. Ìyá olóúnjẹ bọ́ sẹ́yìn àgọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà, wọ́n ń wo iwájú bí ẹni tó ń gbé omi tó kún. Wọ́n gbé e kalẹ̀. Iwe wà lórí gbogbo rẹ̀, níbi tí gbogbo bẹ́ǹṣì ti lè rí i.

Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ dúró. Bàbá na ọrùn.

“Ìyàwó wa, kí ni ìyẹn?”

Mo kúnlẹ̀. “Iwe ni, bàbá.”

“Iwe ta ni?”

“Ti adìyẹ mi ni, bàbá.”

Awakọ̀ ọjọ́sí tún wà níbẹ̀. “Bàbá, ẹ fara balẹ̀,” ó ní. “Ṣé ẹ ò gbọ́ rédíò láàárọ̀ yìí? Wọ́n ní àwọn sójà tún ti gba ìjọba.”

“Kí ló kan sójà nínú iwe?” ni bàbá wí.

“Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Ààrẹ gan-an, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Gbénu ẹ dákẹ́, kí n má baà gba ti ẹnu ẹ náà.”

Mo padà jókòó. Mo mú iwe. Mo ti rò ó fún ọjọ́ pípẹ́ pé bí ọjọ́ yẹn bá dé, màá jẹ ẹ́ kíákíá, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tán. Mo gé e jẹ. Eyín mi kò wọlé. Mo tún un gé láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Mo jẹ ẹ́ lọ, mo jẹ ẹ́ bọ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì ń wo àgbọ̀n mi. Ọbẹ̀ kò wọ inú rẹ̀ rárá. Adùn wà lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa iyọ̀.

Mo lè gbé e mì kí n sì dákẹ́. Ẹnikẹ́ni tó ń fẹ́ kí wọ́n gbà pé òun borí á dákẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò parọ́ lórí oúnjẹ rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí mo jà fún.

Mo ní, “Ìyá, kò jinná.”

Ojú wọn le. Ìjà iwe gan-an ò dùn wọ́n tó èyí. “Oúnjẹ mi ni kò jinná?”

“Gbogbo adìyẹ ló jinná. Iwe nìkan ni kò jinná. Inú omi kan náà ni ẹ sè é pẹ̀lú itan, ẹ sì yọ wọ́n papọ̀. Iwe le ju itan lọ, ó yẹ kó pẹ́ jù ú lórí iná. Ẹ ò là á lójú, kí iyọ̀ lè wọlé.”

“Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sè é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.”

“Ta ló ń jẹ ẹ́?” ni mo bi wọ́n.

Gbogbo orí yí sí ibi tí bàbá jókòó sí. Bàbá ń fi ọwọ́ tún etí agbádá ṣe.

“Bàbá,” ìyá olóúnjẹ pè wọ́n, ohùn wọn ti yí padà, ohùn olóúnjẹ ló kù níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. “Ṣé iwe mi máa ń le ni?”

“Mi ò lè mọ ìyẹn,” ni bàbá wí. Wọ́n ya ẹnu díẹ̀, wọ́n fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. “Kò sí eyín kankan lẹ́yìn ibí yìí mọ́, ó ti pẹ́.”

“Kí lẹ wá ń fi gbogbo iwe wọ̀nyẹn ṣe?”

“Mò ń gbé e lọ sílé.”

“Fún àwọn ọmọ?”

Bàbá wo igi máńgòrò. “Fún ológbò.”

Awakọ̀ fi àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń bi alùfáà ní ìbéèrè: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, akọ ni ológbò náà àbí abo?”

“Abo ni,” ni bàbá wí. “Ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹrin.”

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ pọ̀ débi pé ẹnìkan ṣubú kúrò ní ìparí bẹ́ǹṣì. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí iwe ṣì wà lẹ́nu mi. Bàbá dúró kí ó rọlẹ̀, wọ́n sì gbé orí sókè. “Ohun tí ó bá wù mí ni mo lè fi iwe mi ṣe.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá,” ni mo wí. “Bó bá jẹ́ iwe yín.”

Wọ́n wò mí pẹ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rí. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí ìyá olóúnjẹ. “Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ iwe rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ máa fún èmi. Ẹ̀dọ̀ rọ̀.”

Ojú ìyá olóúnjẹ bọ́ sínú àwo mi, síbi tí ẹ̀dọ̀ wà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

“Mo ti sanwó èyí náà,” ni mo wí.

“Ọmọ yìí,” ni ìyá olóúnjẹ wí. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́ wọn lára aṣọ, wọ́n sì rìn lọ síwájú bàbá. “Bàbá, èmi ni ẹ fún ní ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ mi ni, èmi ni màá máa san án. Láti inú ìkòkò tèmi. Màá máa fún yín ní ẹ̀kọ àkàsà gbígbóná àti ẹja, lójoojúmọ́ tí ẹ bá jókòó síbí.”

Mo dáwọ́ jíjẹ dúró. Ọwọ́ ohun tí bàbá bá sọ ni gbogbo àgọ́ náà wà.

“Ṣé egungun á wà nínú ẹja náà?”

“Màá bá yín yọ ọ́.”

“Kí ata rẹ̀ má pọ̀,” ni bàbá wí, wọ́n sì na ẹsẹ̀ síwájú.

Èmi ò jẹ iwe ọjọ́ náà tán. Mo fi í sílẹ̀ ní etí àwo, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mo jẹ gbogbo èyí tó kù.

Nígbà tí mo tún dé, ìyá olóúnjẹ ò kí mi kí wọ́n tó bi mí ní ohun tí mo fẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. “Odidi?” ni wọ́n wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ dúró lẹ́yìn ìkòkò, wọn ò sì lé mi. Wọ́n ti gbé iwe sórí iná lọ́tọ̀, nínú ìkòkò kékeré kan, pẹ̀lú kánún bíńtín, kí itan tó kan omi rárá. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ojú ọ̀bẹ là á lójú ní ìlà mẹ́rin síbí, mẹ́rin sọ́hùn-ún, wọ́n fi iyọ̀ àti ata gígún pa á, wọ́n yan án títí ojú ìlà náà á fi yà. Wọn ò wò mí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọ́n gbé e wá níkẹyìn, lórí àwo tirẹ̀, wọ́n sì dúró lórí mi.

Bàbá ń fá àkàsà àti ẹja. Wọn ò gbójú sókè.

Mo gé e sí mẹ́ta. Ó gba eyín, kò sì bá a jà. Ó dún díẹ̀, ó wá rọ̀ pátápátá, ata wọ inú ìlà rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò jọ itan, kò jọ ẹ̀dọ̀: ó jọ gbogbo adìyẹ náà tí a fún pọ̀ sójú kan. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi èyí pamọ́ fún mi. Mi ò yára. Mi ò kọ ẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni.

“Ìyá,” ni mo wí, “ó jinná.”

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iná.

Awakọ̀ ti sún mọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú àwo, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ibẹ̀. “Ìyá aránṣọ,” ó ní, “ẹ fún mi díẹ̀ kí n tọ́ ọ wò.”

Mo fi í sẹ́nu. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó dá a lóhùn.

“Ra adìyẹ tìrẹ.”